Ṣé irin ló ń ba orúnkún ọmọ jẹ́?

Ọ̀rọ̀ ilé kan ló bí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ìyá kan tá a jọ ń gbé àdúgbò, tó ti ń ta aṣọ níbí láti nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun bá ọmọ òun wí. Ẹni ọdún 22 ni ọmọkùnrin náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé irin, àyà rẹ̀ sì ti fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún á máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ewé gbígbẹ, kì í sì í lè lóṣòó dáadáa láàárọ̀.

Ìyá ní, "Bàbá, irin yìí ló fẹ́ sọ ọmọ mi di arọ. Ẹ sọ fún un kó jáwọ́."

Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ti ń gbé e ṣáájú wa, kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Mo mọ̀ pé ìjà yìí kò mọ sílé wọn nìkan. Kí n tó dá ẹnikẹ́ni láre, mo ní kó mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gbé e. Ẹ̀yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ni. Irin ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá, agolo ọ̀dà tí wọ́n rọ kọnkéré kún ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Mo bi wọ́n pé kílò mélòó ni. Ẹnìkan ní 80, ẹlòmíì ní 120. Kò sẹ́ni tó gbé e lé ìwọ̀n rí! Bí mo sì ṣe ń wò ó, ó jọ lójú mi pé agolo apá òsì tóbi ju ti ọ̀tún lọ.

Àwòrán Ronnie Coleman, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọlọ́pàá ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀ ní ìlú Arlington, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ léraléra ló gba oyè Mr. Olympia, láti 1998 títí dé 2005. Ó gbé irin 800 pọ́n-ùn lé èjìká, ó lóṣòó, ó sì dìde lẹ́ẹ̀mejì. Kílò 363 nìyẹn, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méje lọ. Ohun tí kò sí nínú àwòrán ara ògiri ni pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀ méjèèjì, ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ arọ ló sì wá fi ń rìn. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa ayé rẹ̀ lọ́dún 2018, ó ní ohun kan ṣoṣo tó dun òun ni pé òun kò gbé 800 náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Lee Haney náà gba oyè yẹn lẹ́ẹ̀mẹjọ, láti 1984 dé 1991. Ohun tó máa ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n jí ẹran ara, kí wọ́n má pa á. Oyè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fi ìdíje sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo oríkèé fúnra rẹ̀. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, nǹkan funfun kan tó ń dán, tó rọ̀ ju eegun lọ, ló bo orí wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú nǹkan yìí kọjá. Bíi fóòmù tó wà nínú omi ló ṣe ń jẹun: bí a bá tẹ̀ ẹ́, omi á jáde, bí a bá tú u sílẹ̀, á fa omi tuntun mu. Ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ látàárọ̀ dalẹ́ ń febi pa oríkèé rẹ̀. Ẹni tó sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá agbára rẹ̀ ń fà á ya, bó bá sì ti ya, kì í sábà hù padà.

Ibi tí ẹ̀tàn wà rèé. Ẹran apá àti itan máa ń yára lágbára ju iṣan tó so ó mọ́ eegun lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi iṣan kò pọ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹran á ti lè gbé ohun tí iṣan kò tíì múra sílẹ̀ fún. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹran wú tún ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlọ́po méjì.

Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Finland gbé ìwádìí jáde lórí 117 ọkùnrin tó ti fìgbà kan jẹ́ eléré ìdárayá tó lórúkọ. Nínú àwọn tó gbé irin fún ìdíje, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni làkúrègbé ti wọ orúnkún wọn. Ti àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ́ 29, ti àwọn asáré 14, ti àwọn tó ń yìnbọn 3 péré. Bí mo ṣe ka èyí sétí ìyá, ó pariwo pé òun kúkú ti sọ. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ra bàtà bọ́ọ̀lù fún àbúrò rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn oníwàádìí náà rí i pé ìfarapa orúnkún wà lára ohun tó fa ti àwọn agbábọ́ọ̀lù, sísanra jù sì wà lára ohun tó fa ti àwọn agbérin.

Ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, lórí 2,607 èèyàn tó ti dàgbà, tí wọn kì í ṣe eléré ìdárayá. Làkúrègbé orúnkún kò pọ̀ lára àwọn tó ti gbé irin rí tó ti àwọn tí kò gbé e rí. Ìyẹn ò ní kí n sọ pé irin ni oògùn o, àmọ́ ó tó láti fi dá ẹni tó bá ní irin nìkan ló ń sọ èèyàn di arọ lóhùn.

Èmi àti ọmọ náà wá jókòó, àwa méjì. Mo bi í bí orúnkún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti kọ́kọ́ dùn òun. Kò sinmi. Tramadol ló ń lò kó tó lọ síbi irin, kó má baà gbọ́ ìrora. Ara mi bù máṣọ. Ìrora ni oríkèé fi ń ké pé ẹrù yìí ti pọ̀ jù, òun sì ti fi oògùn dí i lẹ́nu, ó wá ń fi agolo kún ọ̀pá. Ká tiẹ̀ yọ ti orúnkún kúrò, tramadol fúnra rẹ̀ máa ń di bárakú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ti fojú àwọn ọmọ rí ní àdúgbò yìí.

Mo sọ fún ìyá pé kó má lé e kúrò nídìí irin. Bó bá lé e, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa gbé e. Àdéhùn tá a ṣe ni pé yóò lọ rí dókítà kí wọ́n ya àwòrán orúnkún náà, yóò sì sọ ti tramadol fún wọn láìfi kan bò. Kò ní fi ẹrù lóṣòó títí wọ́n á fi ní ó yá. Bó bá padà, ìwọ̀n tó lè gbé lẹ́ẹ̀mẹwàá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ láìgbọ̀n ni yóò máa lò, kò sì ní fi kún un bí ibì kan bá ń dùn ún.

Lánàá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ru agolo méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ìrẹsì nítòsí wa, wọ́n gbé wọn lé ìwọ̀n. Ti òsì fi kílò mẹ́fà ju ti ọ̀tún lọ.