Ẹ Jẹ́ Kí Á Bá Aláboyún Dín Òkèlè Rẹ̀ Kù

Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò, tí a sì rí i pé ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń sọ fún un ni pé kí ó dín èbà, àmàlà, iyán, ìrẹsì àti ohun dídùn kù. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bu oúnjẹ nílé rẹ̀? Ta ni ó ń fún un lówó ọjà? Àwo mélòó ni ó ń jáde láti inú ìkòkò kan náà? Aláboyún kò lè dá ṣe é. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí fún un, àti fún gbogbo ẹni tí ó yí i ká.

Kí ni à ń pè ní àtọ̀gbẹ inú oyún?

Bí a bá jẹ èbà tàbí búrẹ́dì, ara wa a sọ ọ́ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e káàkiri. Omi ara kan wà tí à ń pè ní ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù ni ó ń pèsè rẹ̀. Ínsúlínì yìí ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, kí ó lè di agbára.

Nígbà tí oyún bá ti dàgbà díẹ̀, àwọn omi ara mìíràn tí ó ń ti ibi ọmọ jáde kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ obìnrin, ara a pèsè ínsúlínì púpọ̀ sí i, wàhálà kò sì ní sí. Nínú àwọn mìíràn, èyí tí ara pèsè kì í tó, ṣúgà a sì máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni àtọ̀gbẹ inú oyún, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà obìnrin náà.

Ewu wo ni ó wà níbẹ̀?

Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń kọjá lára ibi ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ọmọ lè sanra ju bí ó ti yẹ lọ, kí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè bá ìyá, ó sì lè di dandan kí á fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè lọ sílẹ̀ lójijì. Bí a kò bá tọ́jú àìsàn yìí rárá, ọmọ lè kú sínú. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, tí a sì tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń bímọ láyọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ní àmì kankan tí ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe nígbà tí oyún bá wà láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ìyá kò ní jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó fún un ní omi tí a po giramu 75 ṣúgà glúkóòsì sí mu, a ó sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013, bí ti àárọ̀ bá tó 92 mg/dl, tàbí ti wákàtí kan bá tó 180, tàbí ti wákàtí méjì bá tó 153, àtọ̀gbẹ ti wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ má ṣe fi ìtọ̀ nìkan pinnu, nítorí ìtọ̀ lè mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má mọ́. Ẹni tí ó ti bí ọmọ tí ó wọn kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ó sanra púpọ̀, àti ẹni tí ó ti ní i nínú oyún àtẹ̀yìnwá, kí ẹ tètè yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 24.

Ẹ dín in kù, ẹ má ṣe pa á tì

Òkèlè, ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì, ògì àti èso jẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára. Àwọn kan ń gbọ́ pé kí á dín in kù, wọ́n a sì pa á tì pátápátá. Èyí kò dára fún aláboyún. Ọpọlọ ọmọ tí ń dàgbà nínú nílò ṣúgà díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo. Ìlànà oúnjẹ ni pé èròjà afúnnilágbára tí aláboyún ń jẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní giramu 175 lójúmọ́. Giramu yìí kì í ṣe ìwọ̀n èbà nínú àwo o, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú èbà. Ti èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń sọ. Bí ẹ bá tẹ̀lé àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ kò ní jìnnà sí i.

Ẹ fi ojú pín àwo yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdá méjì: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá. Kí ẹja, ẹran, ẹyin, ìgbín tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan. Kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìdá kan tí ó kù. Òkèlè tí ó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ ti tó fún un lẹ́ẹ̀kan. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ yó kọjá ààlà nítorí pé wọ́n ní ó dára fún alátọ̀gbẹ.

Àpẹẹrẹ oúnjẹ ọjọ́ kan nìyí:

Ní òwúrọ̀: mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kékeré kan.
Kí ọ̀sán tó pọ́n: ọsàn kan àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ní ọ̀sán: àwo ẹ̀wà kékeré kan, ẹja àti ẹ̀fọ́.
Ní ìrọ̀lẹ́: ègé ìbẹ́pẹ kan.
Ní alẹ́: èbà tàbí àmàlà tí ó tó ìkúùkù kan, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹran.
Kí ẹ tó sùn: ife mílíìkì kan tí kò ní ṣúgà, tàbí ẹyin sísè kan.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun mímu aládùn inú ìgò gbogbo kò bá yín lára mu ní àkókò yìí, títí kan àwọn tí wọ́n ń sọ pé ó ń fún aláboyún ní ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún yín àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ gbára lé. Ẹ má ṣe fo oúnjẹ kan láti lè jẹ òmíràn ní àjẹyó.

Ohun tí arábìnrin kan kọ́ mi

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan tí ó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Mo kọ orúkọ oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ púpọ̀ sínú ìwé fún un, mo sì ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó dé ilé, ó ka ìwé náà fún ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ fi ebi pa ọmọ mi nínú ni?" Wọ́n sì ń bu èbà ńlá fún un bí ti àtẹ̀yìnwá. Arábìnrin yìí kò fẹ́ kọ oúnjẹ ìyá ọkọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó lè rí àyè fún èbà alẹ́. Nígbà tí ó padà wá, ó ti rù, òòyì ń kọ́ ọ, síbẹ̀ ṣúgà rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ṣì ga.

Mo bá a wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé, èmi ni mo ń gbé inú ilé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo ti sọ ohun tí yóò fi sílẹ̀ fún un, n kò béèrè ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú màmá dání wá. N kò sọ fún màmá pé kí wọ́n má tẹ èbà mọ́. Mo di ìkúùkù fún wọn rí, mo ṣàlàyé bí ṣúgà ṣe ń kọjá sára ọmọ, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò máa wọn òkèlè náà. Màmá ní, "Bí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí látètèkọ́ṣe, ta ni ìbá kọ̀?" Láti ọjọ́ náà, màmá ni ó ń wọn èbà, wọ́n sì dín ti ara wọn kù pẹ̀lú. Ẹ̀fọ́ wá pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣúgà arábìnrin náà wálẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan ní wẹ́rẹ́.

Bí olúkúlùkù ṣe lè ṣe ìrànlọ́wọ́

Ẹ̀yin baba ọmọ: ẹ tẹ̀ lé ìyàwó yín wá sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ẹ lè fi etí ara yín gbọ́. Owó tí ẹ ń fi ra ohun mímu inú ìgò, ẹ fi ra ẹja àti ẹyin. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ jọ rìn fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, nítorí ìrìn ń mú kí ara lo ṣúgà. Ẹ má ṣe máa jẹ dòdò níwájú rẹ̀ kí ẹ sì ní kí ó mójú kúrò.

Ẹ̀yin ìyá àti ará ilé: ẹ má ṣe se oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀ bí ẹni pé ó jẹ̀bi. Oúnjẹ tí ó dára fún un dára fún gbogbo ilé. Kò ní láti jẹun ìlọ́po méjì nítorí pé ó lóyún. Bí ó bá ṣèèṣì jẹun jù lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Ẹni tí a bá ń kẹ́gàn ni yóò máa jẹun ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin aláboyún: ẹ mú ẹnìkejì láàrin ara yín ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, "Kí lo jẹ lánàá? Kí ni ó ṣòro?" Bí ẹ bá ń lọ sí òde ìsọmọlórúkọ, ẹ jọ jẹ mọ́ínmọ́ín nílé kí ẹ tó jáde. Bí àkókò ààwẹ̀ bá dé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe pa iye tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ mọ́, kódà bí kò bá dára.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí: kí ẹ tó kọ ìwé oúnjẹ, ẹ béèrè ẹni tí ń se oúnjẹ, ẹ sì ránṣẹ́ pè é. Ẹ kó àwọn ìyá tí ó ní àìsàn yìí jọ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ gbé àwo àti èbà síwájú wọn, kí ojú wọn rí ìwọ̀n náà. Ohun tí à ń lépa ni kí ṣúgà wà lábẹ́ 95 mg/dl ní àárọ̀ kí ìyá tó jẹun, lábẹ́ 140 ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí lábẹ́ 120 ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá kọjá tí kò wálẹ̀, ẹ fi ìyá ránṣẹ́ sí dókítà. Ó lè nílò ínsúlínì, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ó kùnà.

Ẹ má ṣe fi èyí falẹ̀

Bí ẹni tí ń lo ínsúlínì bá ń làágùn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òòyì ń kọ́ ọ, ṣúgà rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù. Kí ó po ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi, kí ó mu ún kíákíá, kí á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ó sì jẹun. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ sáré wá bí ọmọ kò bá yí nínú bí ó ti máa ń yí, bí orí bá ń fọ́ ìyá gidigidi, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, tàbí bí ó bá ń bì láìdáwọ́dúró.

Lẹ́yìn ìbí

Ẹ fún ọmọ lọ́mú láàrin wákàtí kan tí a bí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ń ṣèrànwọ́ kí ṣúgà ọmọ má bàa lọ sílẹ̀. Àìsàn yìí máa ń lọ lẹ́yìn ìbí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó lè padà di àtọ̀gbẹ gidi lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, ẹ padà wá fún àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà lẹ́yìn náà. Ìkòkò tí gbogbo ilé ti jọ tún ṣe nígbà oyún, ẹ má ṣe dá a padà sí bí ó ti wà.

Ọlọ́run yóò sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.