Bí Bakitéríà Ṣe Ń De Yuréníọ̀mù Mọ́lẹ̀ Nínú Omi

Bakitéríà lè jẹ púpọ̀ nínú epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè jẹ yuréníọ̀mù run. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó má jẹ́ kí ó rìn mọ́.

Oríṣi yuréníọ̀mù méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa. Èyí tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 6, ìyẹn U(VI), máa ń yòrò, ó sì ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga àti odò. Bí èèyàn bá ń mu ún fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tó pàdánù 4, ìyẹn U(IV), kì í sábà yòrò. Ṣe ló máa ń di èérún tó lẹ̀ mọ́ yanrìn.

Ọ̀nà kìíní ni ìlẹ̀mọ́ra. Fọ́sífeètì tó wà lára bakitéríà máa ń fa yuréníọ̀mù mọ́ra. Kódà èyí tó ti kú lè ṣe é. Ọ̀nà kejì gba ẹ̀mí. Bí àwa ṣe ń fi ọ́síjìn mí, Geobacter ń fi irin tó ti dógùn-ún nínú ilẹ̀ mí: ibẹ̀ ló ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú oúnjẹ rẹ̀ sí. Ní 1991, Derek Lovley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó lè dà á sórí yuréníọ̀mù náà, kí U(VI) di U(IV).

Ní ìlú Rifle, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ lílọ òkúta yuréníọ̀mù ti ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ létí odò. Ní 2002, àwọn onímọ̀ da asétéètì, ìbátan fínígà, sínú ilẹ̀ láti bọ́ Geobacter tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín 50 ọjọ́, yuréníọ̀mù ti lọ sílẹ̀ gan-an nínú àwọn kànga kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn bakitéríà tó ń fi sọ́fétì mí gba oúnjẹ mọ́ Geobacter lọ́wọ́, yuréníọ̀mù sì tún gòkè.

Bí ọ́síjìn bá padà dé ibẹ̀, U(IV) lè tún yòrò. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ìbéèrè yìí bá jáde nínú ìdánwò, ẹ má kọ ọ́ pé bakitéríà pa yuréníọ̀mù. Ó dè é mọ́lẹ̀ ni, ẹni tó bá sì de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ okùn rẹ̀ wò.