Ṣé o mọ̀ pé oòrùn lọ́wọ́ nínú adùn tchakpalo?

Ní Bantè àti Savalou, ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin ló ń pọn tchakpalo, ọtí ọkà bàbà. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á ro omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá bò ó títí tí á fi hù. Bí èéhù bá ti yọ, kíá ni wọ́n ń sá a sóòrùn. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, èéhù á máa dàgbà, á sì jẹ ṣúgà tó yẹ kó di adùn ọtí. Ọgbọ́n ńlá nìyí, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá a.

Àwọn mìíràn náà ń gbẹ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọtí. Ní ìhà Verona, lórílẹ̀-èdè Ítálì, èso àjàrà ni wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó fi ṣe wáìnì pupa Amarone. Ó ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́. Omi á lọ, ṣúgà á kù, ọtí inú rẹ̀ á sì tó ìdá 14 nínú 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkìkí Amarone kàn káyé. Iṣẹ́ àwọn apọntí Collines náà yẹ lóhun tí à ń yìn.

Ọtí tiwọn kì í le tó Amarone. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ ọkà gbígbẹ náà, tí wọ́n sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó sì tutù, wọ́n á fi kpètè-kpètè sí i, ìyẹn ìwúkàrà tí wọ́n fi pamọ́ láti inú ọtí ìṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní dídùn, kó tètè mu ún: bó bá pẹ́, ó ń kan.