Bí Àlejò Ṣe Ń Ra Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa wí pé, ojú àlejò tóbi, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ pọ̀ lọ́jà, owó sì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ òfin ìlú, ó lè fi owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ra wàhálà.

Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ní àṣẹ láti wakọ̀. Ẹni tí ó gba ìwé ìwakọ̀ ní Nàìjíríà lè fi í wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ fún oṣù 12 péré láti ìgbà tí ó ti di olùgbé ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, àfi kí ó gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀, kí ó sì yege nínú ìdánwò méjì: ti òfin ojú pópó àti ti wíwa ọkọ̀ gan-an. Kí ó má sì gbàgbé pé apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe kí Nàìjíríà tó yí sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972.

Lẹ́yìn náà ni yíyẹ ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ tí ó bá ti lò ju ọdún 3 lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Ìwé yìí ń jẹ́rìí sí bíréèkì, iná àti táyà ní ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan; kò ṣe onídùúró fún ẹ́ńjìnnì tàbí gíà. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ lè wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì rí iye máìlì tí ó ti rìn. Bí iye tí ó wà nínú ọkọ̀ bá kéré sí ti èṣí, kí ó yára fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ìwé ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní V5C, ni ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó ni ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìtọ́jú rẹ̀ ni ìwé náà ń fi hàn. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí a jí, olówó rẹ̀ lè gbà á padà, kí owó ẹni tí ó rà á sì ṣòfò. Nítorí náà, kí olùrà gba ìwé ẹ̀rí owó tí ó san. Ẹni tí ó tà á ni yóò sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Swansea. Yóò já abala aláwọ̀ ewé inú ìwé náà fún olùrà, ìjọba yóò sì fi ìwé tuntun ránṣẹ́.

Kí táyà tó yí, owó-orí ọkọ̀ àti adójútòfò, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìnṣọ́ránsì, gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2014, owó-orí tí ẹni àkọ́kọ́ san kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó rà á. Ọlọ́pàá sì lè gba ọkọ̀ tí kò ní adójútòfò lójú ọ̀nà. Iye tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àlejò a sì máa ga, nítorí wọn kò mọ ìwà rẹ̀ nídìí ọkọ̀. Kí ó béèrè rẹ̀ kí ó tó sanwó ọkọ̀ rárá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlejò tí ó bá fara balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó ná owó ni yóò wakọ̀ rẹ̀ délé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.