Èwo Ni Ká Tan Kí Á Tó Kọ́ Kernel?

Bí ètò kan bá kú lórí kọ̀ǹpútà, kernel ló máa gbé òkú rẹ̀ kúrò, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí kernel fúnra rẹ̀ bá ṣubú, ta ni yóò sọ ohun tó pa á? Àwọn tó ń kọ Linux ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó oríṣiríṣi irinṣẹ́ ìwá-àṣìṣe sínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wà lábẹ́ Kernel hacking bí ẹ bá tẹ make menuconfig. Ẹ má tan gbogbo rẹ̀ o. Irú àṣìṣe tí ẹ ń wá ni kó sọ èyí tí ẹ máa tan.

Èyí tó ń jẹ ààyè jù ni debug info. Òun ló ń so àdírẹ́sì inú mẹ́mọ́rì mọ́ fáìlì àti ìlà tí ẹ kọ. Láìsí i, gdb kò lè fi ìlà kankan hàn yín. Àmọ́ bí ẹ bá lo config tó bá Ubuntu wá, ohun tí ẹ kọ́ lè kọjá gígábáìtì 20. Fún ẹni tó ń lo laptop kékeré ní Iyere tàbí Ọ̀wọ̀, tó sì fẹ́ parí kí iná tó lọ, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ti ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè pa DEBUG_INFO fúnra yín. Láti Linux 5.18, tó jáde ní 2022, ó ti di ohun tí a ń yàn láàárín mélòó kan: DEBUG_INFO_NONE, DEBUG_INFO_DWARF5 àti àwọn yòókù. Bí ẹ bá fi scripts/config pa DEBUG_INFO nìkan, make olddefconfig á dá a padà wẹ́rẹ́, kò ní sọ nǹkan kan fún yín. DEBUG_INFO_NONE ni kí ẹ yàn nínú menuconfig, kí ẹ sì fi grep yẹ .config wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá nílò debug info lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ make localmodconfig. Kìkì module tí ẹ̀rọ yín ń lò lọ́wọ́ ni yóò fi sílẹ̀, nítorí náà ẹ ki gbogbo nǹkan USB tí ẹ máa ń lò bọ̀ ọ́ ṣáájú.

Fún àṣìṣe mẹ́mọ́rì, KASAN ni. Báìtì kan ló ń fi ṣọ́ báìtì 8, ìyẹn ni pé nínú gígábáìtì 4, mẹ́gábáìtì 512 ti lọ, kernel á sì tún falẹ̀. KFENCE, tó wọlé ní 5.12, fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè má tètè rí àṣìṣe yín.

PROVE_LOCKING ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ronú afárá tóóró tí ọkọ̀ méjì dojú kọ ara wọn lórí rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sẹ́yìn. Irú ẹ̀ lè wà nínú driver yín fún oṣù mẹ́fà kó má ṣẹlẹ̀. PROVE_LOCKING kì í dúró dè é: bó bá ti rí i pé ibì kan mú kọ́kọ́rọ́ A ṣáájú B, tí ibòmíràn mú B ṣáájú A, ó ti pariwo nìyẹn.

QEMU ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí laptop tí iṣẹ́ yín wà. Ẹ fi console=ttyS0 sí i kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel lè bọ́ sínú fáìlì. Ẹ fi nokaslr náà sí i, torí pé kernel máa ń yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tó bá tún dìde, breakpoint yín á sì tàsé. Lẹ́yìn náà, scripts/decode_stacktrace.sh á sọ àwọn nọ́ńbà náà di ìlà kóòdù, bí vmlinux tí ẹ fún un bá jẹ́ ti ìkọ́ yẹn gan-an. Ẹ máa tọ́jú vmlinux àti .config ìkọ́ kọ̀ọ̀kan sínú fódà kan náà.