Huître Etí Ọ̀sà: Àbùdá Ló Mọ Ẹni Tó Ń Jẹ́ Bẹ́ẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti huître, ẹran omi oníkarahun méjì tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi palétuvier, ilé tí à ń wò yìí gan-an ló tan àwọn onímọ̀ jẹ fún ìgbà pípẹ́. Bí ibi tí huître lẹ̀ mọ́ bá ti rí ni ìkarahun rẹ̀ ṣe ń rí: ti orí gbòǹgbò lè wọ́, ti orí àpáta lè tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ irú kan náà ni àwọn méjèèjì.

Nítorí èyí, orúkọ mẹ́ta ni ìwé àwọn onímọ̀ gbà fún huître palétuvier ní etíkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n pe ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Crassostrea gasar, wọ́n sì pe ti Gúúsù Amẹ́ríkà ní Crassostrea rhizophorae àti Crassostrea brasiliana.

Ní ọdún 2002, Sylvie Lapègue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìkarahun tì, wọ́n yẹ àbùdá wò. Wọ́n kó huître jọ láti ibi 15 ní Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n fa ADN jáde láti inú ẹran rẹ̀, wọ́n mú apá kékeré kan tí à ń pè ní 16S, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi èròjà kan sí i tí kì í gé ADN àfi níbi tó bá ti bá àmì tirẹ̀ pàdé. Bí irú bá yàtọ̀, ojú ibi tí èròjà náà yóò gé yóò yàtọ̀, gígùn àwọn ègé náà kò sì ní dọ́gba. Ègé wọ̀nyí ni àmì ìdánimọ̀.

Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n rí ní Áfíríkà. Ní òdìkejì òkun, wọ́n rí méjì: ti rhizophorae, àti ti Áfíríkà gan-an. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé brasiliana àti gasar kò yàtọ̀ síra. Ìṣàn òkun lè ti gbé ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní Porto-Novo, níbi tí àwọn ìdílé Àgùdà ti ń jẹ́ orúkọ Bràsíl, irú ìbátan báyìí kò ní ṣàjèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kan àpò olùsìn pẹ̀lú. Gasar máa ń tóbi; rhizophorae kì í tó o. Nígbà tí wọ́n kéré, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùsìn tó bá kó ọmọ huître láti inú omi láìmọ irú rẹ̀ lè fọ àgò, kó ṣọ́ ọ fún oṣù púpọ̀, kó wá kórè èyí tí kò tó tà. Àyẹ̀wò díẹ̀ nínú wọn ni yóò sọ ibi tí irú-ọmọ rere wà.

Ní Benin, àwọn obìnrin etí ọ̀sà ṣì ń kó huître láti inú omi ni. Bí ọjọ́ ìsìn rẹ̀ bá dé, kò dandan kí a wá irú lọ sí òkè òkun: gasar tí àwọn ará Bràsíl ń sìn wà nínú ọ̀sà ilé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá rí kọ́ nípa ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ lórí huître ilé ni.