Ajílẹ̀ Inú Àpò àti Ilẹ̀ Kíkan

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abuja. Wọ́n pinnu pé, kí ọdún 2015 tó parí, ìwọ̀n oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tí àgbẹ̀ ń fi ajílẹ̀ fún ilẹ̀ yóò ti gòkè láti kìlógíráàmù 8 sí 50 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Ọdún náà dé, ó sì kọjá, ọwọ́ kò tẹ góńgó yẹn. Ṣùgbọ́n bí àpò ajílẹ̀ tilẹ̀ kún abà gbogbo, ìbéèrè pàtàkì kan ṣì kù: kí ni ilẹ̀ náà ń fẹ́?

Nọ́ńbà mẹ́ta ni a máa ń kọ sára àpò. Èkíní ni ti náítrójìn, tí ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Èkejì ni ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí gbòǹgbò àti èso nílò. Ẹ̀kẹta ni ti pòtásíọ́mù, tí ó ń fún ọ̀gbìn lágbára láti fara da ọ̀dá àti àrùn. Àpò yùríà oníkìlógíráàmù 50 ní kìlógíráàmù 23 náítrójìn, kò sì ní èyíkéyìí nínú méjì yòókù. Ẹni tí ó bá ń da yùríà nìkan sí ilẹ̀ tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dà bí ẹni tí ó ń bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ aláìlépo.

Ewu mìíràn tún wà. Ní ọdún 1950, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, ní Òkè Ọya. Wọ́n fún ilẹ̀ kan ní ìgbẹ́ màlúù, wọ́n fún òmíràn ní ajílẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ fún òmíràn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ilẹ̀ tí ó ń gba àmóníọ́mù sọ́lféètì di kíkan. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àmóníọ́mù ti ń yí padà nínú ilẹ̀, a máa tú ohun kíkan sílẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí ó kan jù, àlùmíníọ́mù a máa ba gbòǹgbò jẹ́, a sì máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú kí ọ̀gbìn má baà rí i lò. Ìgbẹ́ ẹran ní tirẹ̀ a máa dín kíkan náà kù.

Nítorí èyí, kì í ṣe púpọ̀ ajílẹ̀ ni ọgbọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí iyanrìn pọ̀ tí owó sì ṣọ̀wọ́n, àwọn àgbẹ̀ kọ́ láti fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 6 ni wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ ọkà kọ̀ọ̀kan, dípò kí wọ́n fọ́n ọn káàkiri oko. Gbòǹgbò a rí i jẹ, àpò a sì pẹ́ lọ́wọ́ tálákà.

Kí àgbẹ̀ tó náwó, ó yẹ kí ó gbé erùpẹ̀ oko rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kí ó máa fi ìgbẹ́ ẹran kún ajílẹ̀ inú àpò, kí ó sì máa fi ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà gba ipò ọkà láti ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ ìjọba sì ni láti mú ibi àyẹ̀wò náà súnmọ́ àgbẹ̀, nítorí pé àpò tí a pín láìmọ ilẹ̀ lè di ìnáwó asán. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ilẹ̀ tí a bá sì bàjẹ́ lónìí, àwọn ọmọ ni yóò jogún rẹ̀.